Ẹ Bi Wá: Ètò Òfin Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì níbí, bàyọ́lọ́jì ló ń kà. Ó ti yí ohùn padà báyìí, lọ́yà ló fẹ́ ṣe. Lẹ́tà kan wá bá wa nílé pé wọ́n ti “yàn án” fún ètò òfin ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ní Washington. Owó rẹ̀ jẹ́ $3,900. Ṣé kí n san án? (Ìyá Adéọlá, Houston)

Ìyá Adéọlá, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ìyàn kankan nínú. Ẹni tí wọ́n bá ti rí àdírẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n ń “yàn”. Ọmọ á rí Washington, á ya fọ́tò níwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ó parí. Àwọn tó ń gba ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin mọ ètò tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wádìí ni ẹni tó ń náwó. Àwọn ètò tó ṣe pàtàkì, àjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ òfin ló ń gbé ìnáwó wọn. Fún ẹni tó wà ní ọdún kìíní tàbí ìkejì bíi ti Adéọlá, ètò ìsinmi kan tó ń jẹ́ PLUS ni kó kọ́kọ́ wò. LSAC, àjọ tó ni LSAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin, ló wà lẹ́yìn rẹ̀; àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan ló sì ń gbà á lálejò, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ka ìdájọ́: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni àríyànjiyàn dá lé, òfin wo ni adájọ́ gbé e kà, kí sì nìdí. Wọ́n á kọ́ ọ bí lọ́yà ṣe ń kọ̀wé, àti bí a ṣe ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìnáwó díẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, ọjọ́ ìparí wọn kò sì bára mu. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kẹrin lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

Tó bá sún mọ́ ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó wo TRIALS, ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard àti ti Yunifásítì New York (NYU) jọ ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, LSAT ló sì gba iṣẹ́ níbẹ̀ jù. Wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́ tàbí owó ilé gbígbé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà rèé. Tí ètò kan bá ní òun ń fúnni ní kírẹ́díìtì yunifásítì, ẹ rò ó dáadáa. LSAC máa ń tún GPA ọmọ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, ṣírò fúnra rẹ̀, gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣe ní yunifásítì èyíkéyìí kó tó gba oyè àkọ́kọ́ ló sì ń kó pọ̀. C tó gbà nínú ìsinmi, ní ilé-ẹ̀kọ́ ibòmíràn, yóò bá a débẹ̀. Kódà bí ó bá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe tó gba A, tí èsì méjèèjì bá ṣì wà nínú ìwé èsì, méjèèjì ni wọ́n á kà.

Ẹ má sì jẹ́ kí bàyọ́lọ́jì kó yín láyà sókè. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni a ń ka òfin, ọdún mẹ́ta gbáko, kò sì sí ohun kan pàtó tó jẹ́ dandan kí èèyàn ti kà tẹ́lẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ìhùmọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ tiẹ̀ ń béèrè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ lọ́yà tó bá fẹ́ ṣojú oníhùmọ̀. Bàyọ́lọ́jì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù ètò òfin ìgbà ìsinmi, wọn ò mú mi. GPA mi jẹ́ 3.6. Bí àròkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní lọ́yà nílé, nítorí mo mọ iyàn jà.” Pásítọ̀ wa ló kọ lẹ́tà àtìlẹ́yìn fún mi. (Kúnlé, Baltimore)

Kúnlé, GPA rẹ kọ́. Gbólóhùn yẹn ni ìdajì àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù fi ń bẹ̀rẹ̀. Mú nǹkan kan ṣoṣo tí ojú rẹ ti rí: fọ́ọ̀mù ìwé ìgbélùú tí o bá màmá rẹ kọ, tàbí onílé tó kọ̀ láti dá owó ìdógò padà. Sọ ohun tí o ṣe, ohun tí o kò mọ̀ nígbà náà, àti ohun tí o lọ wádìí. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní 2023, yunifásítì kò lè fi àwọ̀ ara lásán gba ọmọ wọlé mọ́, àmọ́ ìdájọ́ náà fàyè sílẹ̀ kí èèyàn kọ bí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀.

Kí pásítọ̀ máa gbàdúrà fún ọ. Lẹ́tà, olùkọ́ tó ti ka ìwé rẹ tó sì fún ọ ní máàkì ni kó kọ ọ́. Lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Mú iṣẹ́ tí o kọ fún un dání, pẹ̀lú déètì ìparí. Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o jẹ yunifásítì lówó, torí ní àwọn ibì kan, gbèsè ìwé láíbìrì lásán lè mú kí rẹ́jísírà di ìwé èsì rẹ mú.

Ní ti LSAT, má ra ìwé àtijọ́. Láti oṣù Kẹjọ 2024 ni wọ́n ti yọ apá eré ọgbọ́n orí (logic games) kúrò. Apá mẹ́rin ló wà báyìí, ìṣẹ́jú 35 fún ìkọ̀ọ̀kan: méjì lórí àríyànjiyàn, ọ̀kan lórí ìwé kíkà, ọ̀kan tí wọn kì í ka máàkì rẹ̀. Ìdánwò àṣedánwò wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní LawHub, ìkànnì LSAC. Tí owó bá ṣòro, tọrọ ìdáríjì owó kí o tó san ohunkóhun. Èyí tí o bá ti san ṣáájú, wọn kì í dá a padà.

Ìbéèrè: Ọdún kẹta LLB (oyè àkọ́kọ́ nínú òfin) ni mo wà. Ṣé mo lè wá sí PLUS? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìwọ ti wà nínú òfin tán. Àwọn tó ń ka oyè àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni PLUS wà fún. Tí o bá gba LLB tí o fẹ́ lọ síbẹ̀, LLM (oyè kejì nínú òfin) ọlọ́dún kan ni ọ̀nà tó kúrú jù. Fún ìsinmi yìí, gba lẹ́tà láti ẹ̀ka òfin yín, lọ sí ṣáḿbà lọ́yà tó ń lọ ilé ẹjọ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń ta ilẹ̀. Bèèrè owó ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó di ọ̀rọ̀ ìtìjú. Mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kóòtù dúdú, àti ìwé ńlá kan tí wàá máa kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n sún un sí.