Ojú Bàbá àti ìró abẹ́ pákó

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ níbí ni mo wà. Tíṣà Faransé wa ní ká lọ ka ìtàn Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kan, Le Cœur révélateur (ọkàn tó ń tú àṣírí), kò gùn rárá, mo ní kí n yára kà á kí n sùn, àṣé mo ti wọ gàù. Ọkùnrin kan ló ń sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn bàbá àgbà kan, bàbá ò ṣẹ òun, ojú bàbá nìkan ni òun ò lè wò, ojú kan bíi ti igún tí nǹkan bò lórí, ló bá pa bàbá, ó kó o sábẹ́ pákó ilẹ̀, nígbà tí ọlọ́pàá dé ló bá ń gbọ́ ọkàn bàbá tó ń lù kì-kì-kì nísàlẹ̀ títí ó fi jẹ́wọ́.

Àǹtí, ilé Àgùdà àtijọ́ là ń gbé, pákó ni ilẹ̀ òkè. Kùráǹ lọ lóru ọjọ́ yẹn, mo sì gbọ́ ọ, mo búra! Bàbá bàbá mi náà tún ní ojú funfun yẹn, lápá ọ̀tún. Ní báyìí tí n bá ń gbé oúnjẹ fún wọn, ilẹ̀ ni mò ń wò. Kí ni mo gbọ́?

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Àròsọ ni o, 1843 ló jáde ní Amẹ́ríkà, akéwì Faransé kan, Baudelaire, ló yí i sí Faransé. Ní ti ìró, padà lọ kà á, ọkùnrin yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé òun máa ń jókòó lóru gbọ́ kòkòrò kan nínú ògiri, aago ikú ni Faransé ń pè é, igi ló ń jẹ, ó ń forí gbá igi láti fi pe ẹnìkejì ẹ̀, ìyàwó ló ń wá kiri táwọn Òyìnbó àtijọ́ fi ń sọ pé ẹnìkan fẹ́ kú! Pákó tiyín náà, oòrùn á sè é lọ́sàn-án, á tutù lóru, á dún. Àti àyà ìwọ alára, ṣé o gbé ọwọ́ lé e wò?

Ti Bàbá ló ká mi lára. Òru méje ni ọkùnrin yẹn fi yọ́ wọlé tó bá ojú náà ní pípadé, kò lè ṣe nǹkan kan, tí ilẹ̀ bá mọ́ á lọ bi bàbá bó ṣe sùn, á tún máa pe àgbà lórúkọ (ẹ gbà mí!), síbẹ̀ kò dárúkọ náà fún wa. Òru kẹjọ ni ojú là. Ohun kan ṣoṣo tá a gbọ́ lẹ́nu bàbá nínú gbogbo ìtàn yẹn ni "Ta nìyẹn?"

Ojú funfun yẹn, ọjọ́ orí sábà máa ń fà á, dọ́kítà ojú sì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó ti dí, wọn ò rí ẹ dáadáa lápá yẹn mọ́, ohùn ẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ ẹ́. Ìwọ wá ń gbé abọ́ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ò ń wolẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá á gbórí sókè, wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?"