VLOOKUP ń gbé iye 2*3 wá fún 2*4: àmì * inú orúkọ pákó ló fà á

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Ẹ ní ẹ kọ 2*4 sí sẹ́ẹ̀lì D2, iye 2*3 ni VLOOKUP (fọ́múlà Excel tó ń wá orúkọ nínú lísìtì, tó sì ń mú iye rẹ̀ wá) gbé jáde, ẹni tó kọ́ yín ní Excel sì ní kí ẹ yí FALSE tó wà ní ìparí fọ́múlà sí TRUE. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Inú máa ń bí mi sí àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ń sọ pé TRUE ló ń wá ohun tó jọra. Irọ́ ni. TRUE ò mọ apá kan orúkọ rárá. Ó gbà pé ẹ ti to lísìtì láti A dé Z. Bí kò bá rí ohun tí ẹ ń wá, iye èyí tó ṣáájú ibi tó yẹ kó wà ló máa gbé fún yín, kò sì ní sọ pé òun ò rí i. Bí ẹ ò bá tò ó, èyí tó bá wù ú ló máa gbé. Oníbàárà á ti gbé pákó lọ kẹ́ ẹ tó mọ̀. FALSE nìkan ni * àti ? ń bá ṣiṣẹ́ nínú VLOOKUP.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni àmì * tí ẹ̀yin oníṣòwò pákó Bódìjà fi ń kọ ìwọ̀n. Lójú Excel, * dúró fún ohunkóhun, bó ti wù kó gùn tó; ? dúró fún ẹyọ lẹ́tà kan péré. Torí náà "*"&D2&"*" tó wà nínú fọ́múlà yín di *2*4*: wá orúkọ tó ní 2, tí 4 sì wà níbìkan lẹ́yìn rẹ̀. "2*3 àfàrà 14ft" ní méjèèjì. Bó bá wà lókè 2*4 nínú lísìtì, òun ni VLOOKUP máa mú, torí èyí tó bá kọ́kọ́ pàdé ló ń mú.

Àmì ~ ló ń gba agbára lọ́wọ́ *; SUBSTITUTE ló ń fi í síwájú *:

=IF(D2="","",VLOOKUP(SUBSTITUTE(D2,"*","~*")&" *",$A$2:$B$300,2,FALSE))

Mo yọ * iwájú kúrò torí ìwọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yín. Àlàfo tó wà kí * ìparí tó dé ṣe pàtàkì: láìsí i, 1*1 lè gbé 1*12 wá. IF wà níbẹ̀ torí pé bí D2 bá ṣófo tí "*" méjèèjì inú fọ́múlà yín àtijọ́ sì di "**", iye ìlà àkọ́kọ́ ló máa yọ. XLOOKUP, irú VLOOKUP tuntun, ní tiẹ̀ ń fẹ́ 2 ní ipò karùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ * ò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ má kọ ìwọ̀n bíi 2/4 o. Excel á sọ ọ́ di ọjọ́ oṣù, * ò sì ń wá inú nọ́ńbà. "Afara" lásán náà ò ní bá "àfàrà" mu.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ fi Ctrl+H (Find and Replace) pààrọ̀ gbogbo * sí x. Bí ẹ bá kọ * nìkan sí ibi ìwárí, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ní nǹkan nínú, orúkọ àti owó, á di x. ~* ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ yan kọ́lọ́ọ̀mù A nìkan, torí ó ń pààrọ̀ * inú fọ́múlà ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, Ctrl+Z lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó pa fáìlì dé.