Báwo ni Odense ní Dẹ́nmárkì ṣe di ìlú rọ́bọ́ọ̀tì?

Ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Lindø, nítòsí Odense, ló fà á. Wọ́n nílò rọ́bọ́ọ̀tì tí yóò máa jó irin ọkọ̀ pọ̀, ni olórí ilé iṣẹ́ tó ni ọgbà náà, Mærsk Mc-Kinney Møller, bá fi owó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní yunifásítì ìlú náà ní 1997. Ibẹ̀ ni àwọn tó dá Universal Robots, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe apá rọ́bọ́ọ̀tì, sílẹ̀ ní 2005 ti jáde. UR5, ọ̀kan nínú àwọn apá rọ́bọ́ọ̀tì wọn, kò wúwo ju kílò 18 lọ púpọ̀, ó ń gbé kílò 5. Teradyne, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ra Universal Robots ní mílíọ̀nù 285 dọ́là ní 2015. Ọgbà ọkọ̀ ti kógbá sílé ní 2012, ìmọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ìlú tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wá oníbàárà tó ní ìṣòro gidi.