Ṣé ìkànnì ayélujára ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn alágbára, àbí ó ń fi kún un?

Ó ń ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, fífi kún un ló pọ̀ jù. Ẹ wo Ikorodu Bois, àwọn ọmọ Ìkòròdú wa níbí, tó ń fi bárò àti ohun èlò inú ilé sín fíìmù Hollywood jẹ. Bí kò bá sí Instagram, ta ni ì bá mọ̀ wọ́n? Ní 2020, Netflix kó irinṣẹ́ ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Ó dùn mọ́ni o! Àmọ́ fíìmù ta ni wọ́n ń bá polówó? Ti Netflix náà ni. Òkè òkun ni wọ́n ti ń pinnu fídíò tó máa tàn ká, a ò sì lẹ́nu níbẹ̀.

Ti ìjọba ńkọ́? Ariwo #EndSARS lórí Twitter wà lára ohun tó mú kí wọ́n tú SARS (ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè) ká ní oṣù kẹwàá 2020. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ kan náà ti Twitter pa, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kìíní 2022. Ẹni tó mọ VPN (áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́ lórí ayélujára) lò ṣáà ń yọ́ wọlé nígbà náà.