Piriton mélòó ni kí n lò kí ojú mi má baà gbóná tí mo bá mutí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tó ọdún 10 tí mo ti ń mu bíà, àmọ́ láti bí oṣù 3, ìgò kan péré, ojú àti etí mi á gbóná, ẹyinjú á pọ́n, àyà mi á máa lù kìkì. Ìyá alágbo kan ní Láfẹ́nwá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa lo Piriton kí n tó mutí. Ṣé 1 ni àbí 2? N kì í lo oògùn kankan, àfi Flagyl tí inú bá ń dà mí láàmú.

Ìdáhùn: Bọ̀dá mi, kò sí 1, kò sí 2. Ó ti sú mi láti máa dáhùn ọ̀rọ̀ Piriton yìí.

Tí ọtí bá dé ẹ̀dọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ di májèlé kan tí à ń pè ní acetaldehyde. Èròjà kan wà lára tó ń sọ ọ́ di aláìléwu. Tí èròjà náà kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, májèlé á kún inú ẹ̀jẹ̀, ojú á gbóná, àyà á máa lù. Ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà ni wọ́n bí i mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n láàárín tiwa, kì í sì í dúró ọdún 10 kó tó fara hàn.

Piriton kò kan májèlé yẹn rárá. Ó lè dín ooru ojú kù, òun nìyẹn. Ajá ń gbó olè, ajá lẹ fẹ́ lù! Ẹ ó rò pé ara ti yá, ẹ ó tún bu ọtí sí i, májèlé tó lè fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun á sì wà níbẹ̀ digbí. Bẹ́ẹ̀ Piriton ń kunni lóorun, ọtí náà ń kunni lóorun. Ṣé ẹ ó wá gun ọ̀kadà láti Kútọ̀ délé?

Flagyl tí ẹ sọ gbẹ̀yìn ló jẹ mí lógún. Tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ ọtí, ó lè mú kí ojú gbóná, kí àyà máa lù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fi mutí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìkìlọ̀ wà lórí ìwé inú páálí rẹ̀: ẹ má mutí tí ẹ bá ń lò ó, títí di ọjọ́ 3 lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn. Kì í sì í ṣe gbogbo inú rírun ni Flagyl wà fún.

N kò bá ìyá alágbo jà, ọjà rẹ̀ ló ń tà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ògógóró ni wọ́n fi rẹ àgbo jẹ̀dí yẹn, ọtí náà nìyẹn.

N kò rí yín, n kò lè dájú láti ibí. Tí ètè bá wú tàbí èémí kò já geere, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kó páálí gbogbo oògùn yín dání, àti ìgò àgbo náà.