Ṣé Yorùbá ló ń dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró?

ÌBÉÈRÈ: Kubwa ní Abuja là ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Ó máa ń da Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Tíṣà rẹ̀ ní ká pa Yorùbá tì, pé èdè ti pọ̀ jù fún un. Aládùúgbò wa ní ká gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ ya gọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Okùn abẹ́ ahọ́n kọ́ ló ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé ọmọ fún alábẹ kankan ládùúgbò. Ẹ̀jẹ̀ àti àrùn ló wà níbẹ̀.

Ti Yorùbá yìí ló ń bí mi nínú, torí a ò yé gbọ́ ọ. Èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró. Ọmọ tó máa pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ bá ń sọ sí i, yóò pẹ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ mọ̀ nìkan ni tíṣà ń kà, ló fi dà bíi pé ọ̀rọ̀ ọmọ kò tó. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde sílẹ̀, èdè yòówù kó jẹ́: "omi", "zo" ("wá" ní Hausa), "báì-báì". Ọmọ ọdún méjì yẹ kó ní bí ọ̀rọ̀ 50, kó sì máa so méjì pọ̀. Tó bá di ọdún mẹ́ta, ó yẹ kó máa so mẹ́ta, kí àlejò sì gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. "Màmá, mo fẹ́ ruwa" (omi ni Hausa ń pè ní ruwa) kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀. Gbólóhùn pípé ni, ẹ kà á mọ́ ọn.

Mi ò tíì fojú rí ọmọ yín o, n kò lè ti ibí sọ pé kò sí nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, tó bá ń gbàgbé èyí tó ti mọ̀, tàbí tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, etí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ tètè lọ, pàápàá tí ibà apọ́njú (jaundice) bá ṣe é gan-an nígbà tó wà ní jòjòló, tàbí tó ti ní àrùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ìyẹn meningitis, àrùn awọ tó bo ọpọlọ. Méjèèjì lè ba etí jẹ́. Ẹ lọ bá dókítà etí ní ilé-ìwòsàn ńlá tó wà ní Gwagwalada. Ará Kaduna ní National Ear Care Centre nítòsí.

Kí bàbá rẹ̀ fọkàn balẹ̀. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò tìtorí ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kó sọ Hausa pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítà. Ẹ má dá a dúró.

Nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí Yorùbá di èdè ìbáwí nìkan. Tó bá ní "ruwa", ẹ dáhùn pé, "O fẹ́ omi? Omi tútù rèé." Ẹ má fipá mú un tún un sọ. Hausa kò ní "gb", nítorí náà ẹ máa fi "gbágà" àti "gbàgà" bá a ṣeré tó bá ń wẹ̀.

Àwọn òbí kì í fura sí èyí: ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Yorùbá, àmọ́ tí bàbá àti ìyá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì síra wọn, "o" nìkan ló ń gbọ́. Á wá bi ìyá àgbà pé "Ṣé o ti jẹun?", wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe àfojúdi. Kò tíì gbọ́ "ẹ" rí ni. Ẹ máa sọ Yorùbá síra yín lójú rẹ̀. Tí ìyá àgbà bá sì pè lórí fóònù, ẹ gbé e fún un, kẹ́ ẹ má túmọ̀.