Páánẹ́lì mélòó ló máa gbé ṣọ́ọ̀bù mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà tútù àti nǹkan ìlò ilé ni mò ń tà. Fírísà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, fíríìjì onígíláàsì kan tí mo ń kó ohun mímu sí, gílóòbù mẹ́wàá, fáànù méjì, kọ̀ǹpútà tá a fi ń gbowó, kámẹ́rà àti ráúta. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń ṣí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la máa ń tì. Mo fẹ́ gbé sólà sórí òrùlé, ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó ní páánẹ́lì mẹ́fà ti tó, ẹnì kejì ní mẹ́rìnlá, àwọn méjèèjì sì ní àfi kí n ra bátìrì ńlá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kówó tó jáde lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán, tí fírísà ò gbéra, ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń béèrè.

Ẹ má tíì dá ẹnì kankan nínú wọn lóhùn. Ẹni tó bá gbójú sókè wo òrùlé, tó ka páánẹ́lì fún yín láì bi yín pé kí ni ẹ̀rọ yín ń jẹ, àti ìgbà wo ló ń jẹ ẹ́, àfojúbù ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ò dà bí ilé. Alẹ́ ni ilé máa ń jẹ iná jù, nígbà tóòrùn ti wọ̀, ṣọ́ọ̀bù ní tiẹ̀ ọ̀sán ló ń jẹ ẹ́, nígbà tóòrùn ń ràn lórí páánẹ́lì gan-an, ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú iná tẹ́ ẹ máa lò, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé ló ń wọnú ẹ̀rọ tààrà, kò nílò kó gba inú bátìrì kọjá. Páánẹ́lì ni kẹ́ ẹ náwó lé, kẹ́ ẹ dín bátìrì kù, torí bátìrì ló sábà máa ń gbówó jù nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Wọ́n máa ń lẹ iye wóòtì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú iye yẹn kẹ́ ẹ fi wákàtí tó ń fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Fírísà tó ń jẹ wóòtì 200, kì í ṣe wákàtí 24 ló fi ń jẹ ẹ́ o, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ (ẹ̀rọ inú ẹ̀ tó ń mú un tutù) máa ń tan, á tún kú fúnra ẹ̀, wákàtí 12 ni mo máa ń kà fún un tó bá jẹ́ pé àwọn oníbàárà ń ṣí i lemọ́lemọ́. Ìyẹn 2,400, méjì di 4,800. Fíríìjì onígíláàsì, wóòtì 250 fún wákàtí 12, 3,000. Gílóòbù LED mẹ́wàá oníwóòtì 10 fún wákàtí 10, 1,000. Fáànù méjì 1,200, kọ̀ǹpútà 1,000. Kámẹ́rà àti ráúta kéré lójú, bíi wóòtì 40 péré, àmọ́ wọn kì í sùn, tọ̀sán tòru ni tiwọn, ó ti di 960. Gbogbo ẹ̀ sún mọ́ 12,000, 1,000 sì ni yúníìtì kan, ó jẹ́ yúníìtì 12 lójúmọ́, irú yúníìtì tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú mítà náà ni. Èmi ni mo fojú bu iye wọ̀nyí, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ bá rí lára ẹ̀rọ yín rọ́pò wọn.

Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò lágbára, tá a bá kó gbogbo ẹ̀ jọ bí ẹni pé ọ̀sán gangan ló ń ràn, ibi tóòrùn ti mú dáadáa máa ń fúnni ní wákàtí 4 sí 6 lójúmọ́, ibi tí kùrukùru bá ti pọ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo 4. Ooru, eruku, wáyà àti ìnfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná páánẹ́lì di irú iná ilé) á jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin lára ẹ̀, nítorí náà kílówóòtì páánẹ́lì kan (wóòtì 1,000) á fún yín ní yúníìtì 3. Yúníìtì 12 tẹ́ ẹ ń wá ń fẹ́ kílówóòtì 4, páánẹ́lì oníwóòtì 550 mẹ́jọ á sì fún yín ní 4.4. Mẹ́fà ò tó. Mẹ́rìnlá pọ̀ jù, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fírísà míì kún un.

Alẹ́ ló kù, ibẹ̀ ni mo sì máa ń bá oníṣọ́ọ̀bù jókòó pẹ́ sí jù. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn ẹ̀rọ yín á jẹ bíi yúníìtì 6 bẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ẹ lè lo 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ẹ̀, bátìrì olómi ásíìdì, ìdajì ni kẹ́ ẹ lò bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà lítíọ́ọ̀mù bíi yúníìtì 7.5 lẹ máa nílò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ ra ńlá. Àmọ́ yìnyín náà, bátìrì ni. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú, tẹ́nì kan ò ṣí, lè di òtútù mú fún bíi wákàtí 48, tó bá jẹ́ ìdajì ló kún, bíi 24. Ẹ jẹ́ kí fírísà dì gbagidi lọ́sàn-án tóòrùn ń ta, ibi tó bá ṣófo nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ fi ike omi dí i, kẹ́ ẹ wá ra táímà táá máa pa á láago mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ bá ń tì, táá sì tan án láàárọ̀. Fíríìjì ohun mímu náà ń kọ́? Òun náà lè sùn, ohun mímu inú ọ̀rá àti inú agolo kì í bà jẹ́ mọ́jú. Ohun tó máa kù tí bátìrì máa gbé lóru á já sí bíi yúníìtì 2.5, bátìrì 5 á gbé e, á tún ṣẹ́ kù fún àárọ̀ ọjọ́ tóòrùn bá lọ́ra.

Ẹ fi tẹmómítà sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ máa wò ó bẹ́ ẹ bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. -18°C ló yẹ kí ẹja àti ẹran dídì wà, bẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti ń gòkè jù, ẹ dín wákàtí tó fi ń kú kù. Bẹ́ ẹ bá ń ta áísíkiriìmù, ẹ má dán an wò pẹ̀lú fírísà yẹn rárá. Wàrà tútù tàbí oògùn inú fíríìjì náà, ẹ má pa tiwọn.

Ohun kan tí àwọn oníṣẹ́ kì í sọ: kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń jẹ wóòtì 200, tó bá fẹ́ gbéra ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí táímà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tan pọ̀ láago mẹ́jọ, ìnfátà á kàn gé ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sáàárín wọn. Ìnfátà oníkílówóòtì 5, pure sine wave (èyí tí iná ẹ̀ ń ṣàn geere bíi ti iná ìta), tó o, èyí tí kì í ṣe pure sine wave máa ń mú kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbóná, á sì máa kùn.

Ẹ ṣọ́ra fún sólà tí ò ní bátìrì tí wọ́n kàn so mọ́ iná ìta. Ó ń dín owó iná kù dáadáa, àmọ́ tí iná ìta bá lọ, òun náà á kú, kódà kóòrùn máa jó. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí iná má baà sá padà sórí òpó pa àwọn tó ń tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé torí iná tó ń lọ lẹ ṣe ń wá sólà, hybrid (èyí tó ń lo sólà, bátìrì àti iná ìta pọ̀) ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná àgbègbè yín kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ tiwọn.

Òrùlé wá ńkọ́? Páánẹ́lì kan gùn tó mítà 2.3, ó fẹ̀ ju mítà 1 lọ dáadáa, ó wúwo tó kílò 28. Mẹ́jọ á gba àyè bíi square mita 21, á ju kílò 220 lọ kẹ́ ẹ tó ka irin tó gbé e. Ọdún 25 ni iléeṣẹ́ páánẹ́lì máa ń ṣèlérí fún, nítorí náà tí páànù yín bá ti ń dípẹtà tàbí tí igi òrùlé ti ń jẹrà, ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Orí ibi tí páànù ti yọ sókè ni wọ́n ti ń yí ìṣó síkúrù wọlé, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà, kí rọ́bà wà lábẹ́ orí ìṣó. Ẹ ní kí wọ́n fi àyè sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀ lábẹ́ páánẹ́lì kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá, torí bí ara ẹ̀ bá ṣe ń gbóná ju 25°C lọ ni agbára ẹ̀ ń dín kù.

Òjìji ló burú jù. Oníṣọ́ọ̀bù kan pè mí pé sólà òun máa ń rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo gòkè láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Mo padà gòkè láago mẹ́ta, mo bá òjìji òpó pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tí ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, tó dábùú páánẹ́lì kan ṣoṣo, bó ṣe ń rìn bẹ́ẹ̀ ni iye tó wà lójú ìnfátà ń já wálẹ̀. A sún òpó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ wo òrùlé yín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí wọ́n tó lu ìṣó kankan: táńkì omi, igi, ilé aládùúgbò.

Ní ti wáyà, iná tó ń bọ̀ láti páánẹ́lì kì í tètè kú tó bá ti ta, nítorí náà bírékà DC gidi (èyí tí wọ́n ṣe fún irú iná páánẹ́lì) ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kì í ṣe ti iná ilé. Mo ti tú kọnẹ́ktọ̀ MC4 kan rí, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń so wáyà páánẹ́lì pọ̀, akọ ẹ̀ ti iléeṣẹ́ kan, abo ẹ̀ ti òmíì, ó ti yọ́ mọ́ra wọn, ó dúdú bí èédú, ìbú ọwọ́ kan péré ló sì fi jìnnà sí igi òrùlé. Iléeṣẹ́ kan náà ni kí méjèèjì ti wá. Kí wáyà tó ń wọlẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gba àrá dúró wà níbẹ̀, kí IEC 61215 àti IEC 61730, tó jẹ́ ìlànà àgbáyé fún dídára àti ààbò páánẹ́lì, sì wà lára ìwé páánẹ́lì yín.

Bó bá jẹ́ pé ẹ rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé pé ẹ̀yin lẹ ni sólà yẹn, ẹ sì máa tú u lọ bẹ́ ẹ bá kó jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n bá parí, ẹ má tíì san owó tó kù. Ẹ ní kí wọ́n pa iná ìta lójú yín, kẹ́ ẹ tan fírísà, fíríìjì, fáànù, gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ di aago mẹ́sàn-án alẹ́ tẹ́ ẹ máa ń tì.